Bọ́ǹbù Átọ́míìkì Inú Báàgì: Ta Ló Lè Gbé E?

Alága wa, ẹ̀yin àgbà tó wà ní ìjókòó, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi bọ́ọ̀lù ọjọ́ Sátidé sílẹ̀ wá gbọ́rọ̀ lẹ́nu olùkọ́ físíìsì tó ti fẹ̀yìn tì, mo kí gbogbo yín o. Ìbéèrè tí ẹ gbé fún mi kò gùn: ǹjẹ́ agbésùnmọ̀mí kan lè ki bọ́ǹbù átọ́míìkì kékeré bọ inú báàgì, kó gbé e wọ ọkọ̀, kó sì lọ fi pa ìlú kan run? Ìdáhùn mi náà kò gùn, n óò sì sọ ọ́ báyìí kí ẹni tó bá fẹ́ sùn lè tètè sùn. Bọ́ǹbù bẹ́ẹ̀ ti wà rí, ìjọba ló ṣe é. Pé kí agbésùnmọ̀mí ní in kó sì ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn jìnnà réré sí òótọ́. Ohun tó yẹ kó lé oorun kúrò lójú wa kì í ṣe bọ́ǹbù rárá, ohun èlò tó ń tú ìtànṣán ni. Ó wà ní ilé ìwòsàn, ó wà níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ epo, ó sì ti wà ní Zaria rí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbèjà àwọn tí ẹ̀rù ń bà, nítorí wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Lọ́dún 1961 ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gba ohun ìjà kan tí wọ́n sọ ní Davy Crockett. Orí bọ́ǹbù rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní W54, wúwo tó nǹkan bí kílò 23. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lọ sí òkè òkun mọ iye yẹn dáadáa: òun gan-an ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ń gbà fún ẹrù kan. Ìbọn ńlá kan tí wọ́n lè gbé sórí jíìpù ni wọ́n fi ń yìn ín, kì í sì í lọ ju kìlómítà mẹ́rin lọ. Agbára rẹ̀ wà láàárín tọ́ọ̀nù 10 sí 20 ti TNT, ohun abúgbàù lásán. Bọ́ǹbù Hiroshima jẹ́ bí 15,000 tọ́ọ̀nù, nítorí náà kékeré ni èyí lóòótọ́, àmọ́ ìtànṣán rẹ̀ nìkan tó láti pa ẹni tó bá wà nítòsí, àní àwọn tó yìn ín gan-an ní láti ṣọ́ra. Ní oṣù Keje 1962, wọ́n yìn ín ní aṣálẹ̀ Nevada, Robert Kennedy, àbúrò Ààrẹ, sì jókòó síbẹ̀ tó ń wò ó.

Èyí tó wá súnmọ́ ìtàn báàgì jù lọ ni SADM, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1964. Ẹ̀yìn ọmọ ogun ni wọ́n ń gbé e kọ́, ó wúwo tó kílò 68 pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀, agbára rẹ̀ sì lè tó kílótọ́ọ̀nù kan, ìyẹn 1,000 tọ́ọ̀nù TNT. Àwọn ọmọ ogun àkànṣe ni wọ́n kọ́ láti fò pẹ̀lú rẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfuurufú, tàbí kí wọ́n bá a wẹ odò. Ètò wọn ni pé bí àwọn ọmọ ogun Sófíẹ́ẹ̀tì, ìyẹn Rọ́ṣíà àti àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, bá ya wọ Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì, àwọn yóò lọ fi bú afárá, ihò abẹ́ òkè àti ọ̀nà tí ọkọ̀ ogun lè gbà kọjá. Ẹnì kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ dá ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Aago tó ń ka ìṣẹ́jú fún un kì í sì í pé; ó lè yá, ó lè pẹ́. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ ogun náà sọ lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì pé àwọn mọ̀ nínú ara àwọn pé ìrìn-àjò àlọ láìsí àbọ̀ ni iṣẹ́ yẹn. Nígbà tí ọdún 1990 fi máa dé, Amẹ́ríkà ti kó gbogbo SADM kúrò nílẹ̀.

Ẹ kíyè sí ìwọ̀n yẹn. Kílò 68! Ọ̀dọ́mọkùnrin alágbára tí ìjọba ń bọ́, tó ń ṣe eré ìdárayá lójoojúmọ́, ni wọ́n wá láti gbé e, ó sì tún ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Báàgì ọ́fíìsì tí ọkùnrin oníkóòtù ń gbé lọ́wọ́ kan nínú fíìmù, èmi kò tíì rí ẹ̀rí kankan pé ìjọba kankan ní in.

Ibi tí ọ̀rọ̀ gbé dùn nìyí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun kékeré rọrùn láti ṣe ju ohun ńlá lọ. Alágbẹ̀dẹ tó lè rọ ọkọ́ pọ̀ nílùú wa. Ẹ wá ní kó bá yín rọ aago ọwọ́. Bọ́ǹbù tí wọ́n jù sí Hiroshima ní 1945 wúwo tó 4,400 kílò, ti Nagasaki jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tó bí àwọn méjèèjì gba òṣìṣẹ́ tó lé ní 100,000, ó sì ná Amẹ́ríkà ní nǹkan bíi bílíọ̀nù méjì dọ́là, owó ìgbà náà. Láti 4,400 kílò dé kílò 23 gba ọdún mẹ́rìndínlógún, àwọn onímọ̀ tó dára jù láyé, àti ìdánwò lórí ìdánwò. Kí Amẹ́ríkà tó dáwọ́ dúró ní 1992, ó ti dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò ní ìgbà 1,054. Sófíẹ́ẹ̀tì ṣe tirẹ̀ ní ìgbà 715. Ìdánwò wọ̀nyẹn ni wọ́n fi mọ bí wọn yóò ṣe máa dín in kù, kó sì máa bú síbẹ̀. Ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí tó ń sá fún ọlọ́pàá láti ilé dé ilé, níbo ni yóò ti dán tirẹ̀ wò tí ayé kò ní gbọ́?

Ẹ wo South Africa. Ìjọba ni, ó ní owó, ó ní yùréníọ̀mù, irin tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì, nínú ilẹ̀ rẹ̀, ó ní ilé iṣẹ́ àti àwọn onímọ̀ tí kò sí ẹni tó ń lé wọn kiri. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe bọ́ǹbù mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan. Kò sí èyí tó wọ báàgì. De Klerk, ààrẹ wọn nígbà náà, ní kí wọ́n tú gbogbo wọn palẹ̀, ó sì kéde rẹ̀ fún ayé ní oṣù Kẹta 1993. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ kan bá tilẹ̀ rí ohun èlò tó tó, tó sì fẹ́ ṣe bọ́ǹbù fúnra rẹ̀, nǹkan gìrìwò tó nílò ọkọ̀ ẹrù ni yóò já sí. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló ń ṣì wá lọ́nà.

Báwo wá ni ìtàn báàgì ṣe gba ayé kan? Ọ̀gágun kan ló fẹ́ iná sí i. Aleksandr Lebed jẹ́ akọ̀wé Ìgbìmọ̀ Ààbò ilẹ̀ Rọ́ṣíà fún oṣù díẹ̀ kí Ààrẹ Yeltsin tó lé e ní oṣù Kẹwàá 1996. Ní oṣù Karùn-ún 1997, ó sọ fún àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà tó wá sí Moscow pé nínú bọ́ǹbù kékeré 132 tí Sófíẹ́ẹ̀tì ṣe, 48 péré ni òun lè sọ ibi tí ó wà. Ní oṣù Kẹsàn-án, lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, iye náà ti yí padà: ó ti lé ní 100 tó sọnù nínú nǹkan bí 250. Ẹ̀rí tó ń sanra báyìí láàárín oṣù mẹ́rin, ẹ jẹ́ ká rọra fọwọ́ mú un. Lebed kì í ṣe wèrè, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ó jagun ní Afghanistan, òun ló sì parí ogun àkọ́kọ́ láàárín Rọ́ṣíà àti àwọn ará Chechnya ní 1996. Àmọ́ olóṣèlú ni. Ó ti du ipò ààrẹ, ó gbé ipò kẹta, kò sì tíì jáwọ́. Ó di gómìnà ìpínlẹ̀ Krasnoyarsk ní Rọ́ṣíà ní 1998, hẹlikọ́pítà sì já pẹ̀lú rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2002. Kò sí ẹni tó tún lè bi í mọ́.

Kì í ṣe òun nìkan ló sọ̀rọ̀. Alexei Yablokov, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ti gba Yeltsin nímọ̀ràn lórí àyíká, sọ pé òótọ́ ni, pé KGB, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Sófíẹ́ẹ̀tì, ló ní kí wọ́n ṣe wọ́n ní àwọn ọdún 1970. Ìjọba Rọ́ṣíà bẹ́ gìjà. Ọ̀gágun Igor Valynkin, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìtọ́jú gbogbo bọ́ǹbù átọ́míìkì ilẹ̀ náà, ní àwọn kò ṣe irú báàgì bẹ́ẹ̀ rí, pé bí wọ́n bá tilẹ̀ ṣe é, owó rẹ̀ á pọ̀ jù, kò sì ní pẹ́ kó tó di ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀. Ta ni ká gbàgbọ́? Èmi kì í gba ọ̀rọ̀ ọ̀gágun Rọ́ṣíà gbọ́ kìkì nítorí pé ó wọ aṣọ ológun. Ṣùgbọ́n ohun tí Valynkin sọ lórí ìtọ́jú yẹn bá ẹ̀kọ́ físíìsì mu.

Sófíẹ́ẹ̀tì ní bọ́ǹbù kéékèèké, ìyẹn kì í ṣe àríyànjiyàn. Nígbà tí Bush àgbà, ààrẹ Amẹ́ríkà, sọ ní oṣù Kẹsàn-án 1991 pé òun ń kó àwọn ohun ìjà átọ́míìkì kékeré orí ilẹ̀ padà wálé, Gorbachev, olórí Sófíẹ́ẹ̀tì, dá a lóhùn lóṣù tó tẹ̀ lé e pé òun náà yóò pa tòun run, títí kan àwọn bọ́ǹbù átọ́míìkì tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà. Ká wá gbà fún Lebed pé ọ̀kan bọ́ sọnù nínú rúkèrúdò ìgbà yẹn. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí. Ọ̀pọ̀ bọ́ǹbù òde òní ń lo gáàsì kan tó ń jẹ́ tritium, ìdajì rẹ̀ sì ti lọ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjìlá, ẹ pọ̀n ọ́n tàbí ẹ fi pamọ́. Bátìrì ń kú, ohun abúgbàù inú rẹ̀ ń gbó, ẹ̀rọ kéékèèké inú rẹ̀ ń bàjẹ́. Àwọn ìjọba tó ní bọ́ǹbù ń ná owó gọbọi lọ́dọọdún kí tiwọn má baà sọ ara rẹ̀ di irin lásán. Lórí gbogbo èyí, àgádágodo onínọ́ńbà wà lára ọ̀pọ̀ wọn. Ohun tí olè yóò bá lọ́wọ́ lónìí ni àpótí tó ń tú ìtànṣán jáde, tí kò mọ bó ṣe lè ṣí i. Ohun kan sì wà tí kò nílò físíìsì: ẹgbẹ́ tó ń wá òkìkí ikú, tó sì ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, kì í fi í pamọ́ fún ọgbọ̀n ọdún.

Kì í ṣe pé wọn kò wá a o. Wọ́n wá a gan-an. Jamal al-Fadl, tó ti bá Osama bin Laden ṣiṣẹ́, jẹ́rìí ní kóòtù New York ní 2001 pé ní Khartoum, ní nǹkan bí 1993 tàbí 1994, wọ́n rán òun lọ ra yùréníọ̀mù. Mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dọ́là ni ẹni tó ń tà á ń béèrè. Wọ́n fi irin róbótó kan hàn án tí wọ́n kọ South Africa sí lára. Wọ́n fún òun al-Fadl ní 10,000 dọ́là fún wàhálà rẹ̀, kò sì mọ̀ títí dòní bóyá ojúlówó ni ohun tó wà nínú irin náà. Ọ̀gá rẹ̀ sọ fáyé ní 1998 pé ojúṣe ẹ̀sìn ni láti ní irú ohun ìjà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2001 ó tún ní ó ti wà lọ́wọ́ òun. Nígbà tí Amẹ́ríkà lé wọn kúrò ní Afghanistan, tí wọ́n tú ilé wọn, wọn kò bá bọ́ǹbù kankan níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ tó tiẹ̀ yẹ kó ṣàṣeyọrí ni Aum Shinrikyo, ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn kan ní Japan. Owó wà lọ́wọ́ wọn bí ẹrẹ̀. Wọ́n ní àwọn tó kàwé físíìsì àti kẹ́mísírì ní yunifásítì ńlá, wọ́n ní ọmọlẹ́yìn rẹpẹtẹ ní Rọ́ṣíà, ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wọn sì béèrè pé èló ni bọ́ǹbù átọ́míìkì. Ní 1993 wọ́n ra oko àgùntàn ńlá kan ní Banjawarn, ní Ìwọ̀-Oòrùn Ọsirélíà, wọ́n ń wá yùréníọ̀mù nínú ilẹ̀ rẹ̀. Kí ló já sí? Wọ́n padà sídìí májèlé. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta 1995, wọ́n tú gáàsì sarin sínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́lẹ̀ Tokyo, ènìyàn tó lé ní mẹ́wàá kú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì fara gbá a. Ẹ má rò pé mo ń fojú kéré irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí ọ̀nà bọ́ǹbù átọ́míìkì le, wọ́n gba ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀.

Níbi tí oníbàárà bá sì ti pọ̀ tó báyìí, ẹ mọ̀ pé oníjìbìtì kò ní jìnnà. Láti àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń ta nǹkan kan tí wọ́n pè ní mẹ́kúrì pupa, tí wọ́n ní ó lè sọ bọ́ǹbù átọ́míìkì di ohun tó kéré bí ọsàn. Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti san owó tí kò ṣeé kà lé e lórí síbẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2009, ariwo gba ilẹ̀ Saudi Arabia pé ó wà nínú ẹ̀rọ ìránṣọ Singer àtijọ́, ni àwọn ènìyàn bá ń gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìyá wọn láti wò ó bóyá iná fóònù yóò ṣẹ́jú, wọ́n sì ń ra ẹ̀rọ kan ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Ní London, wọ́n gbé àwọn ọkùnrin mẹ́ta lọ sí kóòtù Old Bailey pé wọ́n fẹ́ ra mẹ́kúrì pupa fún àwọn agbésùnmọ̀mí. Oníròyìn kan ló dẹ pańpẹ́ fún wọn, ilé ẹjọ́ sì dá wọn sílẹ̀ ní 2006. Nígbà tí wọ́n bá ń ba orúkọ wa jẹ́ káàkiri ayé nítorí gbájú-ẹ̀, ẹ máa rántí pé ọjà yìí kò tilẹ̀ ti ọ̀dọ̀ wa wá.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n yí ìlù padà. Àwọn onímọ̀ kan, irú John Mueller ti yunifásítì Ohio State, ka nǹkan bí ogún ìgbésẹ̀ tí agbésùnmọ̀mí gbọ́dọ̀ gbé láìkọsẹ̀ kó tó lè fi bọ́ǹbù átọ́míìkì jà, wọ́n sì parí rẹ̀ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè ṣẹlẹ̀. Àwọn mìíràn, irú Graham Allison ti Harvard, sọ ní 2004 pé bí nǹkan bá ń lọ bẹ́ẹ̀, ó súnmọ́ pé yóò ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá. Ọdún mẹ́wàá kọjá, kò ṣẹlẹ̀. Mueller ni mo súnmọ́ jù, àmọ́ ohun kan wà tí Allison rí tí mi ò lè gbójú kúrò lára rẹ̀: ìgbésẹ̀ tó le jù lọ nínú ogún yẹn ni rírí yùréníọ̀mù alágbára, èyí tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ lé lórí títí ó fi lè bú, tàbí plutonium, irin mìíràn tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù. Wọn kò lè ṣe é nínú ilé, ìjọba nìkan ló lè ṣe é. Bí wọn kò bá rí i jí, ọ̀rọ̀ tán. Nítorí náà, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà láti ṣọ́. Ṣé wọ́n ń ṣọ́ ọ?

Nígbà kan, rárá. Ní oṣù Kẹjọ 1994, wọ́n gba 363 gíráàmù plutonium nínú ẹrù tó ti Moscow dé ní pápákọ̀ òfuurufú Munich. Ó wá hàn pé àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Jámánì fúnra wọn ló ṣe bí ẹni fẹ́ rà á, ó sì di ìtìjú ńlá fún ìjọba wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ọlọ́pàá Prague bá kílò 2.7 yùréníọ̀mù alágbára nínú mọ́tò kan. Ní 2006, wọ́n mú ọkùnrin kan ní Tbilisi, ilẹ̀ Georgia, tó gbé nǹkan bí 100 gíráàmù sínú ọ̀rá nínú àpò jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí tó tó bọ́ǹbù kan. Kílò 25 ni Àjọ Àgbáyé lórí Agbára Átọ́míìkì, IAEA, fi ṣe òṣùwọ̀n ohun tó yẹ kó kọ wọ́n lóminú nínú yùréníọ̀mù alágbára. Àmọ́ ẹni tó gbé 100 gíráàmù wá máa ń sọ fún oníbàárà pé èyí tó pọ̀ wà nílé. Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà gbìyànjú nígbà yẹn, ká má parọ́. Ní 1994, ọkọ̀ òfuurufú ológun Amẹ́ríkà rọra lọ kó nǹkan bí 600 kílò kúrò ní ilé iṣẹ́ kan ní Kazakhstan. Láàárín 1993 sí 2013, 500 tọ́ọ̀nù yùréníọ̀mù bọ́ǹbù Rọ́ṣíà ni wọ́n pò pọ̀ di èyí tí kò lágbára, tí wọ́n sì fi tan iná mànàmáná fún àwọn ará Amẹ́ríkà.

Síbẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Pelindaba, níbi tí South Africa kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún kílò yùréníọ̀mù alágbára tó kù lára àwọn bọ́ǹbù rẹ̀ sí. Ní òru kan ní oṣù Kọkànlá 2007, àwọn oníbọn pa iná tó wà lára ọgbà, wọ́n wọlé, wọ́n dé yàrá tí wọ́n ti ń bójú tó ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì, wọ́n yìnbọn lu òṣìṣẹ́ kan láyà. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 ni wọ́n lò nínú ọgbà kí wọ́n tó gba ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé jáde lọ. Wọn kò dé ibi yùréníọ̀mù. Orúkọ ibẹ̀ náà sì ni wọ́n fi sọ àdéhùn tí àwa ará Áfíríkà fi kọ bọ́ǹbù átọ́míìkì sílẹ̀, Àdéhùn Pelindaba ti 1996.

Bí ẹ bá sì ń sọ pé Áfíríkà nìyẹn, ẹ dúró. Ní oṣù Keje 2012, àwọn mẹ́ta gé ọgbà wáyà lẹ́yìn ọgbà wáyà ní Y-12 ní Oak Ridge, ìpínlẹ̀ Tennessee, níbi tí Amẹ́ríkà ń kó yùréníọ̀mù bọ́ǹbù rẹ̀ pamọ́ sí, títí wọ́n fi dé ara ògiri ilé náà gan-an. Wọ́n da ẹ̀jẹ̀ sí i, wọ́n fi òòlù lù ú, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ àlàáfíà sí i. Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ kan dé, wọ́n fi búrẹ́dì lọ̀ ọ́. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn ni Sístà Megan Rice, ẹni ọdún 82, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì níbí, ní Nàìjíríà, àti ní Gánà. Wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá ẹ̀sùn tó tóbi jù nínú tirẹ̀ nù ní 2015, ó sì kú ní 2021. Èmi kì í sábà gba ti àwọn tó ń fọ́ ọgbà ọlọ́gbà. Àmọ́ ìyá àgbà yẹn dán ààbò wò fún Amẹ́ríkà lọ́fẹ̀ẹ́, gbogbo owó tí wọ́n ná sórí ẹ̀rọ ayàwòrán àti ẹ̀ṣọ́ kò dá a dúró.

Ẹ jẹ́ ká wálé. Ní Ahmadu Bello University, Zaria, a ní ríákítọ̀ ìwádìí kékeré kan, ẹ̀rọ tó ń fọ́ yùréníọ̀mù díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kó bú, tí wọ́n ń pè ní NIRR-1. Ilẹ̀ China ló ṣe é, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004. Kò ń pèsè iná; erùpẹ̀, òkúta àti irúgbìn ni wọ́n ń fi yẹ̀ wò láti mọ ohun tó wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n yùréníọ̀mù tó ń lò, bíi kílò kan, jẹ́ irú alágbára yẹn, nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Kílò kan kò tó bọ́ǹbù, bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kó wà nítòsí ibi tí bọ́ǹbù ń bú. Ní oṣù Keje 2015, bọ́ǹbù bú ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Sabon Gari ní Zaria kan náà, ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Gánà tó ní irú ríákítọ̀ yìí ti dá ti rẹ̀ padà fún China ní 2017. Ní ìparí 2018, àwọn onímọ̀ wa pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ IAEA, Amẹ́ríkà, China, Britain àti Norway yọ ti Zaria jáde, wọ́n fi èyí tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì fi ọkọ̀ òfuurufú gbé èyí àkọ́kọ́ lọ sí China ní oṣù Kejìlá. Ríákítọ̀ náà ń ṣiṣẹ́ lọ. Nínú gbogbo ohun tí mo sọ lónìí, iṣẹ́ yìí ló wú mi lórí jù, èmi kò sì rí ẹni tó lu ìlù fún wọn lórí WhatsApp, níbi tí fídíò báàgì Rọ́ṣíà ti ń yí kiri lóṣooṣù.

Ó ku ìdá kan, òun ló sì kan wa jù. Ohun tó ń tú ìtànṣán tí kò lè di bọ́ǹbù átọ́míìkì láéláé, ṣùgbọ́n tí ẹnì kan lè so mọ́ bọ́ǹbù lásán kí ó lè fọ́n ká sí àdúgbò. Kì í pa ìlú run. Ó ń lé ìlú sá. Ní oṣù Kejìlá 2002, irú rẹ̀ méjì tí wọ́n ń lò nínú kànga epo sọnù lójú ọ̀nà láàárín Warri àti Port Harcourt. Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni wọ́n tó rí i, ní Jámánì, nínú ẹrù irin kọ̀ńdẹ́mù. Kì í ṣe agbésùnmọ̀mí ló gbé e débẹ̀ o. Ọjà ni.

Ohun tí irú rẹ̀ lè ṣe, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Goiânia ní Brazil. Ní oṣù Kẹsàn-án 1987, àwọn méjì tó ń wá irin tà wọ ilé ìwòsàn kan tí wọ́n ti pa tì, wọ́n yọ ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ, wọ́n sì tà á fún oníkọ̀ńdẹ́mù. Inú rẹ̀ ni caesium-137, ohun kan tó ń tú ìtànṣán, wà. Lóru, ó ń tàn bíi búlúù. Ẹwà rẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n pín in fún ẹbí àti ọ̀rẹ́, àwọn kan fi í pa ara bí àtíkè ọdún. Nígbà tí ìyàwó oníkọ̀ńdẹ́mù náà rí i pé gbogbo ilé ń ṣàìsàn, òun ló gbé e lọ fún àwọn oníṣègùn, nínú bọ́ọ̀sì. Ènìyàn mẹ́rin kú, òun náà wà nínú wọn, pẹ̀lú ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà kan. Ìjọba yẹ ènìyàn tó lé ní 112,000 wò nínú pápá ìṣeré, wọ́n wó ilé, wọ́n kó ilẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ ṣe ibi kankan nínú gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, ọ̀dọ́mọkùnrin kan béèrè bóyá bọ́ǹbù kékeré ti wá tán láyé. Kò tán. Àwọn ìjọba tún ń padà sídìí rẹ̀: láti 2011 ni Pakistan ti ń dán Nasr wò, ohun ìjà tí kò lọ jìnnà, tí wọ́n ṣe fún ojú ogun pẹ̀lú India. Mo sọ fún un pé bí mo bá fẹ́ wá ibi tí bọ́ǹbù kékeré lè ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ, n kò ní wá báàgì Lebed kiri. Ibi tí wọ́n ti ń kó wọn jáde kúrò nínú ilé ìpamọ́ lọ́jọ́ tí ogun bá fẹ́ bẹ́ ni mo máa wò.

Ìyá kan ló béèrè ìkẹyìn, nọ́ọ̀sì ni wọ́n: ṣé ẹ̀rọ X-ray wọn náà wà nínú rẹ̀? Rárá, mà. X-ray ń lo iná, bí ẹ bá ti pa á, ìtànṣán tán. Ẹ̀rọ kóbálìtì tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ, irú èyí tí UCH Ìbàdàn lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló ní ohun tó ń tú ìtànṣán nínú tọ̀sán-tòru. Àwọn orílẹ̀-èdè tó lówó ti ń fi èyí tó ń lo iná mànàmáná rọ́pò rẹ̀, nítorí kò sí ohun tí olè lè yọ nínú rẹ̀. Ni ìyá náà bá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìyẹn dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kóbálìtì kì í béèrè bóyá iná wà.